Ọjọ́ Orí Ọmọ àti Òkìkí Orílẹ̀-Èdè

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn orílẹ̀-èdè 8 ní ilẹ̀ Áfíríkà kó àwọn ọmọkùnrin wọn jọ sí ilẹ̀ Gabon, àwọn tí ìwé sọ pé wọn kò ju ọmọ ọdún 17 lọ, kí wọ́n wá figagbága nínú eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ Madagascar ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún ní àlejò náà, ṣùgbọ́n àjọ CAF gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé e lé Gabon lọ́wọ́. Libreville tí í ṣe olú-ìlú, àti Port-Gentil tí ó wà létí òkun, ni wọ́n ti gbá a. Àwọn ọmọ onílé kò rí ọwọ́ mú: Gánà nìkan gbá góòlù 5 wọlé wọn, wọn kò sì rí ẹyọ kan dá padà. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, Mali fi góòlù 1 borí Gánà ní Libreville, wọ́n sì gbé ife ẹ̀yẹ lọ sílé.

Àwa Nàìjíríà kò débẹ̀ rárá, nítorí pé Niger, aládùúgbò wa, ti já wa jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ìròyìn ìjákulẹ̀ wa dé, olùkọ́ kan tí a jọ wà nínú yàrá ìsinmi ilé-ìwé sọ pé òun mọ ìdí rẹ̀: ó ní lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọmọdé tòótọ́ ni a kó lọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ní ọjọ́ náà, ẹ̀rín yẹn ń dà mí láàmú, nítorí pé nínú àwa mẹ́fà tí a wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kan tí ó béèrè pé kí ni olùkọ́ náà ní lọ́kàn. A mọ̀ ọ́n. A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Iṣẹ́ wa sì ni láti máa kọ́ ọmọ ẹlòmíràn pé kí ó má purọ́.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni èyí: ta ni ó ni ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè? Ṣé ọmọ náà ni ó ni ara rẹ̀, tàbí àwọn òbí rẹ̀, tàbí orílẹ̀-èdè tí ó wọ aṣọ rẹ̀? Èmi kì í ṣe ọ̀tá eré ìdárayá. Ọdún púpọ̀ ni mo fi fọn fèrè lórí pápá ilé-ìwé, mo sì mọ bí ojú ọmọ ti ń rí nígbà tí a bá pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí yóò rìnrìn àjò. Nítorí pé mo mọ ojú náà ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́ orí. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí bí wọ́n ti ń mọ ọmọ tí ó tó ilé-ìwé lọ ní ayé àtijọ́. Olùkọ́ a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, wọn a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá kàn án, kí bàbá rẹ̀ mú un padà sílé lọ jẹ ẹ̀bà sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó na ọrùn tí ó sì tẹ orí kí ọwọ́ lè kàn, nítorí pé ní ìgbà náà, ohun tí ọmọdé ń wá ni pé kí òun dàgbà. Ayé wá yí padà: àgbà ni ó ń na ọwọ́ nísinsìnyí kí ó má baà kan etí.

Àjọ FIFA náà ti padà sí ọ̀rọ̀ ọwọ́. Láti ọdún 2009, èyí tí í ṣe ọdún tí Nàìjíríà gba ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ ọdún 17 lálejò, ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ náà. Ní orí egungun tí ó ti ìgbọ̀nwọ́ wá pàdé ọrùn-ọwọ́, kèrékèré kan wà tí egungun ti ń gùn sí i. Bí ọmọ ti ń dàgbà ni kèrékèré yìí ń yí padà di egungun, títí ojú ibẹ̀ yóò fi dí pátápátá. Bí ó bá ti dí pátápátá, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tí ó ni ín jẹ́ ẹni tí kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ náà kò mọ ọjọ́ tí a bí ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè wí ni pé, “Ẹni yìí ti dàgbà jù.” Ẹlòmíràn lè jẹ́ ọmọ ọdún 19 kí egungun rẹ̀ má tíì dí, yóò sì kọjá láìsí wàhálà. Nítorí náà, ìwé ni a ṣì ń gbójú lé, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì ń kọ ìwé.

Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ wa kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1985, àwọn ọmọ wa lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n fi góòlù 2 sí òdo ṣẹ́gun Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ èyí tí a kọ́kọ́ ṣe. A jó, a yọ̀. Ó sì tọ́ kí a yọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa mẹ́ta tí ó wà nínú ìwé ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1988 kò bá èyí tí a ti kọ fún wọn nínú ìdíje ìṣáájú mu. Wọ́n dá wa dúró nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún 2, ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ọdún 1991 tí ó yẹ kí ó wáyé ní ilẹ̀ wa sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí. Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 15 tàbí 16 ní tòótọ́ ní ọdún 1989 àti 1990. Wọn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí padà, wọ́n ti dàgbà kọjá rẹ̀.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní ọdún 2019, wọ́n gba ipò kejì tí ilẹ̀ Guinea gbà ní Áfíríkà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ó lọ sí ìdíje àgbáyé, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ti fi ọjọ́ ìbí mìíràn gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Japan tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí Cameroon ń múra ìdíje àwọn ọmọ ọdún 17 ti agbègbè tí òun àti Gabon jọ wà, wọ́n yẹ ọwọ́ àwọn ọmọ 30 wò; 21 nínú wọn ni ẹ̀rọ kọ̀. Gabon fúnra rẹ̀ ní ìtàn Shiva N’Zigou. Nígbà tí ìdíje ife Áfíríkà wáyé ní Gánà àti Nàìjíríà ní ọdún 2000, ó gbá góòlù kan wọlé, ìwé sì sọ pé ọmọ ọdún 16 ni. Òun ni a kọ sílẹ̀ pé ó kéré jùlọ nínú gbogbo àwọn tí ó ti gbá góòlù nínú ìdíje náà. Ní ọdún 2018, ó dúró níwájú àwọn onígbàgbọ́, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọdún 5 ni wọ́n gé kúrò nínú ọjọ́ orí òun. Ọdún 18 ni ó fi gbé e sínú. Mo máa ń bi ara mi pé báwo ni ọkùnrin náà ti ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, àti pé nígbà tí àwọn tí a bí ní ọdún kan náà pẹ̀lú rẹ̀ bá ń pe ara wọn ní ẹgbẹ́, kí ni òun ń wí.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ńlá. Mo ti gbọ́ àwíjàre wọn, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n ní tálákà ni ọmọ náà, bọ́ọ̀lù nìkan ni ọ̀nà tí ó ní, ọdún mélòó kan tí a yọ kúrò kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n tún ní àwọn òyìnbó náà ń rẹ́ wa jẹ ní ọ̀nà tiwọn, wọ́n ń ra àwọn ọmọ wa ní ọ̀pọ̀, wọ́n ń tà wọ́n ní ọ̀wọ́n. Òtítọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òyìnbó ni ó ń pàdánù àyè nínú ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí ọmọ ọdún 20 bá jókòó sórí àga ọmọ ọdún 16. Ọmọ wa mìíràn ni. Ohun tí ó sì burú jù nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí ni pé ẹni tí a rẹ́ jẹ kò mọ̀ pé a rẹ́ òun jẹ. Ó wà ní Muṣin, tàbí ní Akébé ní Libreville, ó lọ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n ní kò lágbára tó. Ó gbà á gbọ́. Ó lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ọmọ ẹgbẹ́ òun ni ó ju òun lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Àwíjàre kẹta ni ó wúwo lójú mi. Wọ́n ní àwọn bàbá wa kò kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, ta ni ó wá mọ èyí tí í ṣe òtítọ́? Lóòótọ́ ni. Ìyá-ìyá mi kò mọ̀ ju pé a bí òun ní ọdún tí lùkúlùkú jà, ìyẹn ọdún 1918, bí kò bá jẹ́ ọdún tí ó tẹ̀lé e. Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi àwọn àgbà purọ́. Wọn kò ní kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí ó ju ẹnì kan lọ. Ní Ìjẹ̀bú, a mọ régbérégbé tí olúkúlùkù wà; ní ilé gbogbo, a mọ aya tí ó kọ́kọ́ bímọ, a sì mọ ẹni tí ó yẹ kí ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kejì. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn má mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó mọ̀ ọ́n kí ó sì lọ búra òmíràn ní kóòtù. Ní ti àwọn ọmọ òde òní, àìmọ̀ kọ́ ni. Rẹ́jísítà wà nínú kọ́ńbọ́ọ̀dù wa. Àwa ni a kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn Ọ̀fà, ó ju Òjé lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọdún tí a gé nìkan ni, bóyá n kì bá tí kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ìwé irọ́ kì í dá rìn. Ẹnì kan ni ó ṣe é, ẹni náà sì mọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ti ní ọ̀gá tí àwọn òbí rẹ̀ kò yàn. Bí ọ̀gá náà bá gba owó rẹ̀, bí ó bá lù ú, bí ó bá ṣe èyí tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i, ta ni ọmọ yóò sọ fún? Ní ọjọ́ tí ó bá la ẹnu, ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ tú síta.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde pé ọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ olùkọ́ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ọdún 17 ti Gabon títí di ọdún 2017 ti ń bá àwọn ọmọkùnrin tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ṣe ìṣekúṣe láti ọdún pípẹ́. Ààrẹ ilẹ̀ náà nígbà náà, Ali Bongo Ondimba, pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n sì mú ọkùnrin náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n mú olórí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó gbọ́, kò sì fi tó ìjọba létí. Òun ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ kúrò ní àtìmọ́lé kí ọdún náà tó parí. Ní ti olùkọ́ni náà, FIFA lé e kúrò nínú ohun gbogbo tí ó jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Èmi kò sọ pé ìwé irọ́ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ní. N kò ní ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń wò ni àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ orúkọ àwọn tí yóò rìnrìn àjò. Nínú kíláàsì, bí olùkọ́ bá ṣe ọmọ níkà, ọmọ lè lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà, tàbí kí ìyá rẹ̀ wá sí ilé-ìwé kí ó wá pariwo. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè, ẹnì kan lè wà tí ó ń yan ọmọ, tí ó ń sùn sí ilé kan náà pẹ̀lú wọn, tí ìwé ìrìnnà wọn wà nínú àpò rẹ̀, tí ó sì lè yọ ọmọ kúrò láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mọ̀ pé àádọ́ta mìíràn ń dúró lẹ́yìn ògiri pápá. Àwọn òbí gan-an ni yóò sọ fún un pé kí ó fara dà á. Gbogbo ìlú ń retí ife, ta ni yóò fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò ba ìdùnnú jẹ́?

Orúkọ ìlú náà tilẹ̀ tó láti mú ni ronú. Libreville túmọ̀ sí ìlú òmìnira. Ní ọdún 1849 ni àwọn Faransé kó àwọn ẹrú tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ olówò-ẹrú lọ tẹ̀dó síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ní Freetown, níbi tí wọ́n kó Àjàyí ọmọ Òṣogùn lọ ní ọdún 1822 nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé. Ìlú kan náà yìí ni ọkọ̀ ojú omi Etireno forí lé ní ọdún 2001, nígbà tí ó kó àwọn ọmọdé láti Kútọnu láti lọ ṣiṣẹ́ fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Libreville kò jẹ́ kí ó gúnlẹ̀, Douala náà kọ̀ ọ́, ó sì padà sí Kútọnu ní oṣù kẹrin. Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé olùkọ́ni bọ́ọ̀lù àti olówò ọmọdé jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí kò yàtọ̀ púpọ̀: ẹ fún wa lọ́mọ yìí, ayé rẹ̀ yóò dára, ẹ má ṣe béèrè púpọ̀.

Wọ́n ní irú ìdíje wọ̀nyí ń mú ìrẹ́pọ̀ wá láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ó ń mú un wá nígbà mìíràn. Ní ọdún 1962, lẹ́yìn bọ́ọ̀lù láàárín Gabon àti Congo-Brazzaville, ìjà bẹ́ sílẹ̀, Gabon sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Congo kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀. Àgbà ni ó ṣe ìyẹn. Ohun tí èmi rí lórí pápá láàárín àwọn ọmọdé ni pé wọ́n máa ń pààrọ̀ aṣọ nígbà tí eré bá parí, wọ́n a sì máa kọ́ ara wọn ní èébú èdè ara wọn.

Nítorí ìdí èyí, n kò sọ pé kí a fòpin sí ìdíje náà. Kí àwọn tí yóò bá àwọn ọmọ rìn má ṣe jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí obìnrin sì wà nínú wọn; kí ọmọ lè bá ilé sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá fún un láyè. Àwọn àjọ ni èyí wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ tiwa ni lẹ́tà.

Mo kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 2012 ni, ní ilé-ìwé kan tí mo ti kúrò. Ọmọ ọdún 18 ni ọmọ náà, èmi gan-an ni mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọlé. Ọkùnrin kan tí ń kó àwọn ọmọ jọ fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan wá, ó ní ohun tí ó kù ni kí ilé-ìwé jẹ́rìí pé ọmọ náà kò ju ọdún 15 lọ. Mo kọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ náà wá, ó kúnlẹ̀ nínú eruku ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ ṣàánú mi. Ẹ má ṣe dí ọmọ mi lọ́nà.” Mo ní, “Ìyá, ẹ dìde, ẹ dìde nílẹ̀.” Kò dìde. Mo kọ ọ́.

Ẹgbẹ́ náà kò mú un. Ẹ̀rọ rí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó débẹ̀, wọ́n ti fi lẹ́tà mi gba ìwé ìbí tuntun fún un, wọ́n sì ti fi ìwé ìbí náà gba ìwé ìrìnnà. Nígbà tí ó padà wá láti wá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ó jókòó níwájú mi pẹ̀lú ìwé méjèèjì lọ́wọ́, ó ní, “Sà, èwo ni kí n kọ?” Mo ní kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ó ti di bàbá ọmọ báyìí. Mo padà sí ilé-ìwé náà ní ọdún tí ó kọjá fún ìsìnkú ọ̀gá wa àtijọ́, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wo rẹ́jísítà. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ tòótọ́ ṣì wà níbẹ̀ ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi, àdàkọ lẹ́tà náà sì wà nínú fáìlì tí ó tẹ̀lé e, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà.